Orúkọ Kan Tí Kò Ṣeé Kọ

“OLÙTỌ́JÚ ỌGBÀ LÓ PA Á.”

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, ní lẹ́tà gàdàgbà, sí ojú-ewé kìíní ìwé náà, níbi tí òkú gan-an kò tíì kú. Àwọ̀ àlùkò ni ìkọ̀wé ọ̀hún. Fálúyì gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú nínú bàtà.

Kẹ̀kẹ́ ló gùn láti Apòmù wá sí Ìkirè ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, nínú oṣù Bélú ọdún 1954. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó ti tọ olè kòkó wọ inú igbó, ó ti jókòó ti òkú tí ará ilé rẹ̀ kò wá gbé. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó fẹ̀yìn tì, ni sájẹ́ǹtì rẹ̀ bá ní kí ó lọ wá ẹni tó ń sọ ìparí ìtàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kò jiyàn. Àárẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jiyàn.

“Méje ni wọ́n,” ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wí. Titus Adépọ̀jù ni orúkọ ọ̀gá àgbà náà, ọkùnrin gíga tó máa ń to pẹ́ẹ̀nì mẹ́ta sí àpò ẹ̀wù. “Ìwé ìjọba ni méjèèje. Ìtàn ìpànìyàn, ìtàn ìfòyà! Mo ti sọ fún Tíṣà Susannah pé irú ìwé báyìí máa kọ́ àwọn ọmọ níwàkiwà. Ẹ wá wò ó.”

“Ẹ̀yin náà ti kà wọ́n, ọ̀gá?”

“Èmi kẹ̀? Mi ò kà wọ́n, mi ò sì ní kà wọ́n láéláé.”

Fálúyì to ìwé méjèèje sórí tábìlì, ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹni náà fi kọ tirẹ̀ sí i. “HÁRÍSÌN LÓ PA Á.” “DỌ́KÍTÀ MÍLÀ LÓ PA Á.” Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ì bá dùn sí irú nǹkan báyìí. Ní báyìí, ó kàn fi ọwọ́ nu ojú ni.

“Ta ni ẹ fura sí?”

“Kò sí pé mò ń fura. Mo mọ̀. Adéfúnkẹ́, ọmọ Ọláníyì akọ̀wé kòkó. Òun ló yá ìwé méjèèje. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi ń sàmì sí àpò kòkó ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí téèyàn ń tọ́ lẹ́nu kó tó di àlùkò. Lọ́jọ́ Ajé, mo fojú ara mi rí i, ètè ọmọ náà pọ́n bí ayìnyẹ́.” Ó fọwọ́ lu àpò rẹ̀. “Lẹ́tà rẹ̀ nìyí. Mo ti sọ fún alábòójútó ilé-ìwé ní Ìbàdàn pé màá fi orúkọ ọ̀daràn ránṣẹ́ lónìí. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ló máa gbé e. Lọ́la, a lé e.”

“Kí wá ni iṣẹ́ tèmi?”

“Kí ẹ fọwọ́ sí i ni.”

Fálúyì wo aago ògiri. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná,” ló wí.

*

Yàrá tí Tíṣà Susannah ń kó ìwé sí kò ju yàrá ìkó-ọkọ́-sí lọ. Àpótí ìwé wà láàrin, tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tín-ín-rín ni tíṣà náà, ó sì jọ pé kò sùn dáadáa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti dé.

“Mo gbìyànjú láti pa á rẹ́, bàbá,” ló wí. “Bí mo ṣe ń fi omi sí i ló ń pọ́n sí i.”

“Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Tí mo bá sọ, wọ́n á kó àpótí náà lọ. Àwọn ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n má tíì ti ilẹ̀kùn.” Ó fọwọ́ kan àwọn ìwé náà bí ẹni tó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀. “Ẹni tí ìwé kíkà ń sú, *Kọ́kọ́rọ́ Inú Kànga* ni mo kọ́kọ́ máa ń fún un, bó bá bẹ̀rẹ̀, kò ní lè dúró. Ẹni tó láyà, mo ń fún un ní *Àtùpà Yàrá Kẹrin*. Èyí tó bá máa ń pariwo pé òun ti mọ̀ ọ́n, *Igbe Lẹ́yìn Ọgbà* ni tirẹ̀, kó lè mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan.”

“Èwo ni ẹ máa fún èmi?”

Susannah wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó wo ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin, bàbá? Oorun ni.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fálúyì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò rí agbára jáde. Ó ní, “Ẹ sọ fún mi, báwo ni ìwé ṣe ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́?”

“Ẹyọ kọ̀ọ̀kan la ní. Adéfúnkẹ́ ló yára kàwé jù, orúkọ rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Bó bá kà á tán ní Ọjọ́ Ẹtì, á fi lé Tókun lọ́wọ́, ọmọ ọ̀gá àgbà. Tókun náà ló máa ń gbé e padà wá ní Ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ẹkún pé wọ́n ti bà á jẹ́ fún òun. Ọ̀sẹ̀ méje, ìwé méje.”

“Lẹ́yìn Adéfúnkẹ́, kó tó di ti Tókun.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ní òun ni.” Ohùn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. “Èmi ni mo tì í sínú rẹ̀. Èmi ni mò ń sọ pé, ‘Ka èyí, ka èyí.’”

*

Abẹ́ fèrèsé ni Adéfúnkẹ́ dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga, ó sì ti sunkún débi pé kò sí omi lójú rẹ̀ mọ́. Àbàwọ́n àlùkò ṣì wà létí ètè rẹ̀ lóòótọ́.

“Kí ló kun ẹnu rẹ?” ni Fálúyì bi í.

“Pẹ́ńsù bàbá mi ni, sà. Mo máa ń bá wọn sàmì sí àpò kòkó kí n tó wá síléèwé.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ lọ wo ẹnu gbogbo ará Ìkirè, sà. Lásìkò kòkó yìí, ilé wo ni kò ti sí?”

Òótọ́ ni. Ìyàwó Fálúyì fúnra rẹ̀, ní Apòmù, ti fi ọ̀kan há gèlè láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wẹwẹ̀. Ó yọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù kúrò lọ́kàn.

“Wọ́n ní o fẹ́ fi Tókun ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, sà! Ìyẹn gan-an ni mi ò ṣe lè ṣe é.” Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Adùn ibẹ̀ ni kí n máa wò ó bó ṣe ń fura sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n tó máa kọ ọ́ síwájú báyìí, á dé lọ́jọ́ Ajé, á ní ìyá arúgbó ni. Èmi á kàn máa mi orí. Tí mo bá ti kọ ìparí síwájú, kí ló kù fún mi?”

Fálúyì ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ láyé. Irọ́ kì í sábà bínú báyìí.

“Bí wọ́n bá lé ọ ńkọ́?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Mo ti rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin, sà. Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ní ká wá. Bí lẹ́tà ọ̀gá bá lọ, wọn ò ní gbà mí mọ́. Àwọn kan sì wà ní Ararọ̀mí-Òwu tí wọ́n ti ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nítorí ọmọkùnrin wọn. Bàbá mi ní bí ilé-ẹ̀kọ́ bá já sí pàbó, òun ò tún ní rí ohun tí òun máa fi dá wọn dúró.”

Fálúyì ní, “Ka àwọn apànìyàn náà fún mi. Ìwé kìíní dé ìkeje.”

“Hárísìn. Dọ́kítà Mílà. Ẹ̀kẹta, *Igbe Lẹ́yìn Ọgbà*, Titus.” Ó yára fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì jáde láàrin ìka rẹ̀ láìka ìbànújẹ́ sí. “Ẹ dákun, sà! Orúkọ olùtọ́jú ọgbà inú ìwé náà ni. Gbogbo wa ló máa ń pe orúkọ yẹn ní pápá ìṣeré. Bí a bá ń ṣeré ọlọ́pàá àti olè, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ mú Titus.”

Fálúyì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọmọ náà ka ìyókù, ó kà á, ó sì bá ohun tó wà nínú ìwé mu, orúkọ sí orúkọ. Ẹyọ kan péré ni kò bá a mu. Ìwé mẹ́fà, orúkọ mẹ́fà. Ìwé kẹta nìkan ni wọ́n ti pe ọ̀daràn ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

*

Kíláàsì ni wọ́n ti pe Tókun jáde. Ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀ ní gíga, àmọ́ ìka rẹ̀ dúdú fún omi kòkó.

Fálúyì kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Bí ẹnì kan bá wà tí kò yẹ kó lè kọ “Titus ló pa á,” ọmọ Titus ni. “Nínú *Igbe Lẹ́yìn Ọgbà*, ta ló pa adájọ́?”

“Titus, sà.” Ọmọ náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

“Orúkọ bàbá rẹ nìyẹn.”

“Mo mọ̀, sà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Ọmọ Apànìyàn. Ó ti mọ́ mi lára. Àwọn kan ti gé e kúrú, wọ́n ń pè mí ní Apààyàn.”

Fálúyì mí kanlẹ̀. Ọ̀nà tó rò pé ó là sílẹ̀ gbalaja ti dí mọ́ ọn lójú. “Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń ba ìwé jẹ́ fún ara rẹ, kí wọ́n lè bá Adéfúnkẹ́ wí?”

“Kí wọ́n lé e, kí n wá máa bá ta sọ̀rọ̀ ìwé? Àwọn tó kù ò tíì kọjá orí kejì, sà.”

“Ìgbà tó bá fún ọ níwèé ní Ọjọ́ Ẹtì, o máa ń ṣí i lójú ọ̀nà?”

“Ká ní mo lè ṣí i! Ẹrù wà lórí mi. Bí mo bá délé, wọ́n á ní kí n gbé e sórí tábìlì, kí n máa lọ sóko ní Asejire. Mo ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń bá wa fọ́ kòkó. Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni mo ń padà.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Ìyá mi, sà.”

“Bàbá rẹ ńkọ́, ní Àbámẹ́ta?”

“Ìpàdé ìjọ, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Fálúyì ní kó padà sí kíláàsì.

*

Òun nìkan jókòó sábẹ́ igi ọdán, ó bọ́ bàtà, ó ra dòdò lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí ata. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún bó ṣe ń rò ó. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Wọn kì í sọ pé ẹni tó bá rí i níbẹ̀ kì í sábà yọ̀.

Ọmọ iléèwé kankan kì í sá fún orúkọ yẹn. Adùn ló jẹ́ lẹ́nu wọn. Ọmọ ọ̀gá pàápàá pè é láìṣẹ́jú. Ta ló wá lè pe Hárísìn ní apànìyàn, tó lè pe Dọ́kítà Mílà bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wá dúró nígbà tó kan Titus? Ẹni tí kò pe orúkọ yẹn rí ni. Ẹni tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti bímọ fún ọkọ rẹ̀, “Bàbá Tókun” ló ń pè é, tí kò sì ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó pààyàn, ì báà jẹ́ nínú ìwé òyìnbó.

Ó wọ bàtà rẹ̀. Aago méjì ti lù.

*

Ẹ̀yìn ilé-ìwé ni ilé ọ̀gá àgbà wà. Fẹ́yìsetán, ìyá Tókun, ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí ẹní, ó ń fa ẹsẹ̀ lọ, ó ń fa ẹsẹ̀ bọ̀, bí ẹni tó ti gbàgbé pé òun ń ṣe é. Ó kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà náà.

“Ẹ dìde, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló ń bá yín ṣe é?”

“Ta ni mo ní? Bàbá Tókun, ilé-ìwé àti ìjọ. Tókun, ìwé.”

“Ìwé ọ̀hún ni mo bá wá.”

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró.

“Ìwé mẹ́fà ni ẹ kọ orúkọ sí,” ni Fálúyì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Kí ló dé tí ẹ kò kọ ti ẹ̀kẹta?”

Adìyẹ kan gun orí ẹní, obìnrin náà kò lé e. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. “Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Kí n fi ọwọ́ mi kọ ọ́ pé Bàbá Tókun ló pa á? Olórí mi? Bí mo bá ní ọwọ́ mẹ́wàá, èwo ni mo fẹ́ fi kọ ọ́?”

Fálúyì jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Nínú oṣù Ọ̀wẹwẹ̀,” ni obìnrin náà wí, “mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣàìsàn ní Orílẹ̀-Òwu. Mo ní kí Tókun máa ṣọ́ kòkó. Nígbà tí mo máa dé, òjò ti pa á láti orí dé ìdí. Ọmọ mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ojú rẹ̀ wà nínú ìwé. Kò gbọ́ òjò! Kòkó bu. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi ọ̀bẹ là á, wọ́n dà á sílẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, bàbá. Mo wá rò ó pé ọmọ tó bá ti mọ ẹni tó pa á, kí ló tún ń wá? Á gbé ìwé sílẹ̀, á wá bá mi palẹ̀ kòkó mọ́.”

“Ṣé ó gbé e sílẹ̀?”

“Kò gbé e sílẹ̀!” Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa mú un.”

Ẹ̀rín wá bá Fálúyì ní tòótọ́, ẹ̀rín kékeré. “Ojú-ewé ìkẹyìn nìkan ni ẹ ń kà?”

Obìnrin náà gbójú kúrò. “Bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo ka Sítáńdáàdì Sísì, èmi náà, kí wọ́n tó fẹ́ mi. Èèyàn á ka ìparí, kò ní mọ ohun tó fà á; á padà sẹ́yìn díẹ̀, á tún padà. Kí n tó mọ̀, ilẹ̀ Àbámẹ́ta ti ń ṣú, ọbẹ̀ ti jóná.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ti Dọ́kítà Mílà yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n láti orí kẹrin. Ẹni tó ń fọwọ́ ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ pé Adéfúnkẹ́ ni wọ́n fẹ́ lé?”

“Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ nà án. Lílé kẹ̀?”

Fálúyì sọ fún un nípa lẹ́tà, ọkọ̀ aago mẹ́rin, àwọn ará Ararọ̀mí-Òwu. Obìnrin náà fi ìdí kalẹ̀ sínú kòkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun náà nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.

“Ẹ máa sọ fún Bàbá Tókun?” ló bi í.

“Ó rẹ̀ mí, ìyá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń bá àwọn èèyàn sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ. Mò ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Bí agogo mẹ́ta ààbọ̀ bá lù tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, màá sọ ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kó jẹ́ ẹ̀yin.”

*

Agogo mẹ́ta ààbọ̀ lù. Fálúyì gbé ọwọ́ lé orúnkún kó lè dìde. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí.

Kò tilẹ̀ fọ ẹsẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú tábìlì ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú òórùn kòkó lára, ó ní, “Bàbá Tókun, èmi ni mo kọ ọ́. Méjèèje. Ọmọ Ọláníyì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Titus wo Fálúyì, bí ẹni tó ń retí kí ó sọ pé àwàdà ni. Fálúyì ń wo ilẹ̀.

“Ìwọ?” ni ọ̀gá wí. “Ìwọ ń ka ìwé yẹn? Nínú ilé mi?”

“Mo ka gbogbo rẹ̀.”

Titus yọ lẹ́tà jáde láti àpò, ó gbé e kalẹ̀. “Kò burú. Mi ò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Ó parí.”

“Kò tíì parí, ọ̀gá,” ni Fálúyì wí. “Ẹ ti sọ fún alábòójútó pé orúkọ ń bọ̀. Bí orúkọ kankan kò bá dé, ta ni wọ́n máa rò pé ẹ̀ ń bò? Gbogbo ilé-ìwé ló mọ ẹni tí ẹ fẹ́ lé. Ọ̀rọ̀ náà á bá ọmọ yẹn dé ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, á jókòó dè é lẹ́nu ọ̀nà.”

“Kí n wá kọ ọ́ sí Ìbàdàn pé ìyàwó mi ni? Èmi tí mo ní kí wọ́n fi ọlọ́pàá mú un?”

Níta, ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń fọn fèrè níbi ìgbẹ́rù. Fẹ́yìsetán ṣì wà lórí eékún. Titus wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí omi kòkó ti sọ di dúdú, ó wò ó bí ẹni pé ó pẹ́ tó ti wò ó kẹ́yìn.

“Dìde,” ló wí. “Ilẹ̀ tutù.”

Ó fa bébà tuntun yọ. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ. Ó dúró ní ìlà kejì, ó dúró pẹ́, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́. Ó fi lé Fálúyì lọ́wọ́ kó kà á. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, ó sì kọ ọ́ pé kò sí àbùkù kankan lára akẹ́kọ̀ọ́ Adéfúnkẹ́ Ọláníyì.

Fálúyì fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún dírẹ́bà. Ìgbà tí ọkọ̀ ti lọ, tí eruku ti rọlẹ̀, ó padà wá gbé kẹ̀kẹ́. Adéfúnkẹ́ dúró tì í. Tíṣà Susannah ti sọ fún un pé ó ti bọ́. Ojú rẹ̀ ti yọ bí ojú ẹni tó dìde àìsàn.

“Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun púpọ̀.” Ó di irin kẹ̀kẹ́ mú. “Ta ni, sà? Ta ló kọ ọ́?”

Fálúyì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ìrora. Ó wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ tó ń dán, ètè rẹ̀ tó ṣì pọ́n.

“Ìwé méje náà wà lórí tábìlì ọ̀gá,” ló wí. “Má wulẹ̀ bi mí. Ṣé o fẹ́ kí n bà á jẹ́ fún ọ ni?”

Ọmọ náà yanu. Lẹ́yìn náà ló yí padà, ó sì sáré gba ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá.